Kàlẹ́ńdà, Sítáàṣì àti Ilé Ìyá Bọ̀dé

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, lásìkò tí òjò ti ń rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ kan láì dá, ni òrùlé ilé Ìyá Bọ̀dé já bọ́ lé mi lọ́wọ́. Kì í ṣe òrùlé páànù. Òrùlé tí mo fi bébà gé ni, tí mo lẹ̀ mọ́ ara páálí, tí mo sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe. Mo kàn fẹ́ nu ojú àwòrán náà kí ẹni tó ni ín tó wá gbé e ni. Bí mo ti gbé e kúrò lára ògiri, òrùlé yọ̀ wálẹ̀ bí awọ orí ògì, ògiri ilé tẹ̀ lé e, ojú ọ̀run sì ká kò láti igun méjèèjì. Ọjọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ náà ni Bọ̀dé ń bọ̀ wá mú ìyá rẹ̀ lọ sí Òkìtìpupa, ìyá náà kò sì ní padà wá gbé létí òkun mọ́. Àwòrán yẹn nìkan ni ohun tí yóò gbé dání nínú ilé tó fi ogójì ọdún gbé, nítorí òkun ti kó gbogbo ìyókù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ náà, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé iṣẹ́ ni.

Aránṣọ ni mí tẹ́lẹ̀. Ode Mahin ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí Ṣadé. Àǹtí Ṣadé kì í lu ọmọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ní òfin kan tó jẹ́ pé ẹni tó bá rú u yóò fi odindi ọ̀sẹ̀ gbá ṣọ́ọ̀bù: àlùmọ́gàjí tí a fi ń gé aṣọ kò gbọdọ̀ kan bébà, nítorí bébà a máa pa á lẹ́nu. "Fúnmi," a máa wí fún mi, "ọjọ́ tó o bá fi àlùmọ́gàjí yìí gé bébà, ìwọ àti aṣọ ti kọ ara yín sílẹ̀ nìyẹn."

Mo fi ọdún méjìdínlógún ránṣọ ní Oríòkè-Ìwàmímọ́, ìlú wa létí òkun, láì rú òfin náà. Òkun sì ń bọ̀. Òkun kì í wọ ìlú lẹ́ẹ̀kan náà bí àwọn ará òkè ṣe rò. Ó mú ilé tó wà níwájú tiwa, ó sinmi, ó mú ọ̀nà onípákó tí a ń gbà lọ sílé ìjọsìn, ó tún sinmi. Ó wá mú ṣọ́ọ̀bù mi ní òwúrọ̀ kan tí mo lọ ra bọ́tìnì. Nígbà tí mo dé, ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà nínú omi, orí rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Ẹ̀rọ tó bá ti mu omi òkun, bí ẹ bá fi epo nù ún títí di ọ̀la, yóò dógùn-ún láti inú.

Èmi àti ọkọ mi, Bàbá Tómi, kó wá sí Ugbonla, sínú yàrá kan ní ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òun rí ọkọ̀ ẹnìkan bá lọ sójú omi láti pẹja. Èmi kò rí nǹkan kan ṣe. Ọwọ́ tó ti fi ọdún méjìdínlógún di aṣọ mú kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó lásán. Màá ká etí ìró mi, màá tú u, màá tún un ká. Bí ènìyàn bá kí mi kú àjálù, omijé ni mo fi ń dá a lóhùn. Nígbà tó yá, àwọn ènìyàn kò kí mi mọ́, ìyẹn náà sì tún dùn mí.

Kàlẹ́ńdà mọ́kànlá ló wà lára ògiri yàrá tí wọ́n fún wa. Mo kà wọ́n. Kàlẹ́ńdà ìsìnkú wà níbẹ̀, ti àjọ̀dún ìjọ wà níbẹ̀, ti ẹgbẹ́ apẹja àti ti àwọn tó ń du ipò. Kò sí ọ̀kan tí ọdún rẹ̀ kò tíì kọjá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń wo màmá kan tó ti dolóògbé lórí ọ̀kan nínú wọn, mo rí i pé aṣọ elésè àlùkò tí wọ́n wọ̀ fún un jọ àwọ̀ tí omi ẹ̀yìn ilé wa máa ń mú bí oòrùn bá ń wọ̀. Ó jọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi dìde. Mo mú àlùmọ́gàjí tí Àǹtí Ṣadé fún mi, ohun kan ṣoṣo tí mo rí gbà sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, mo sì gé aṣọ náà kúrò lára màmá. Ìró tí bébà ṣe lẹ́nu irin yẹn rán mi létí Àǹtí Ṣadé. Mo dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gé èkejì.

Nígbà tí Bàbá Tómi dé, ó wo ògiri, ó wò mí.

"Ìyá oníyàá lo bọ́ láṣọ báyìí?"

"Ó ti kú," ni mo dá a lóhùn.

"Ìyẹn ló tilẹ̀ wá burú jù."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí a ti kúrò ní Oríòkè, a kò tíì jọ rẹ́rìn-ín.

Àwòrán àlẹ̀mọ́ ni mo ń pè é. Kò sí ẹni tó kọ́ mi. Ohun tí mo mọ̀ níbẹ̀, iṣẹ́ tó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ló kọ́ mi, mo sì fẹ́ràn láti máa sọ ọ́. Ohun àkọ́kọ́ ni pé gbogbo bébà kọ́ ni bébà. Ti kàlẹ́ńdà nípọn, ó ń dán, kì í tètè gba gọ́ọ̀mù. Ẹ gbọ́dọ̀ fi àkísà tó tutù díẹ̀ ra ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ dúró títí yóò fi rọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò wú lójú páálí bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́. Bébà ìròyìn fẹ́lẹ́, ó ń mu gọ́ọ̀mù dáadáa, ṣùgbọ́n oòrùn kì í pẹ́ sọ ọ́ di pípọ́n. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni bébà àpò sìmẹ́ńtì. Àwọ̀ pákó tó ti gbó sójú òjò ló ní, bí ẹ bá sì rún un lọ́wọ́ kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, ìlà ara igi á yọ lára rẹ̀.

Gígé náà yàtọ̀ sí yíya. Etí ohun tí a fi irin gé máa ń mú, ó dára fún ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ọwọ́ ya kàlẹ́ńdà, inú bébà tó funfun á yọ létí rẹ̀ bí òwú. Ìfófó orí ìgbì gan-an nìyẹn. Oṣù mẹ́rin ni mo fi wá ìfófó yìí. Ọjọ́ tí mo rí i, inú ló bí mi tí mo ya bébà sí méjì.

Àwọn àlejò máa ń rò pé òkun gbọ́dọ̀ jẹ́ búlúù. Tiwa kì í ṣe búlúù. Ẹrẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tíì onímílíìkì ló jọ. Olùkọ́ kan tí wọ́n gbé wá láti Àkúrẹ́ sọ fún mi pé òkun inú àwòrán mi dọ̀tí. Mo ní kó yọjú lójú fèrèsé. Ó yọjú, ó ní, "Ẹ má bínú, Mà." Ojú ọ̀run ni mo ń tọ́jú búlúù mi dè, inú ìwé ìpolówó àwọn tó ń du ipò ni mo sì ti ń rí i, nítorí iwájú ojú ọ̀run tó mọ́ ni gbogbo wọn máa ń dúró sí ya fọ́tò. Agbádá funfun wọn ni mo fi ń ṣe ìkùukùu. Nínú gbogbo ìlérí tí wọ́n ti ṣe fún wa létí omi, ojú ọ̀run yẹn nìkan ló ti tẹ̀ mí lọ́wọ́.

Àwọn ará Oríòkè tí àwọn náà ti ṣí wá sí Ugbonla bẹ̀rẹ̀ sí í yà wò mí. Ọ̀kan bi mí pé ṣé mo lè ṣe ilé àwọn. Mo ní kó mú fọ́tò rẹ̀ wá. Ó ní fọ́tò bá ilé lọ. Ibẹ̀ ni eré ti di iṣẹ́. Ilé tí kò sí mọ́, tí kò sì ní fọ́tò, ẹnu ẹni tó gbé inú rẹ̀ ni a ti lè wọ̀n ọ́n. Bí mo ti ń wọn èjìká àti ìdí nígbà tí mo ń ránṣọ, bẹ́ẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè: ìṣísẹ̀ mélòó ni láti ẹnu ọ̀nà dé ibi ìdáná? Bí ọkọ yín bá ń wọlé, ṣé ó máa ń tẹríba? Ẹlòmíràn á gbé ẹja wá fún mi, ẹlòmíràn á gbé púpurú tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe wá, gbogbo wọn ni yóò sì ká kàlẹ́ńdà àtijọ́ sí abíyá. Kò pẹ́ tí orúkọ mi fi di Ìyá Kàlẹ́ńdà.

Ìyá Bọ̀dé wà lára wọn. Opó ni, ó ti dàgbà, kò sì sí ẹni tó mọ ẹja yan tó o ní agbègbè wa. Mo wọn ilé rẹ̀ bí mo ti ń wọn ti àwọn ẹlòmíràn, mo ṣe é, ó wá wò ó, ó ní ó dára, a sì fi í kọ́ sára ògiri kó máa dúró dè é. Nígbà náà ni òjò bẹ̀rẹ̀.

Ó kù kí n sọ ti gọ́ọ̀mù. Èyí tí wọ́n ń tà nínú ike wọ́n, kì í sì í pẹ́ tán, nítorí náà sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ni mo ń lò. Ẹni tó bá ti ṣe púpurú rí mọ̀ ọ́n: bí ẹ bá fi omi tí ẹ fún lára ẹ̀gẹ́ sílẹ̀, nǹkan funfun kan á silẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Òun ni mo ń fi omi rò lórí iná títí yóò fi mọ́ gaara. Omi iwájú ilé ni mo sì fi ń rò ó. Ní ọ̀dọ̀ wa, omi òjò ni omi mímu, inú dúrọ́ọ̀mù la ń gbè é sí, a sì ń fi ife bù ú. Ta ni yóò fi omi mímu ro gọ́ọ̀mù bébà? Mo tilẹ̀ máa ń fi ọgbọ́n yìí yangàn.

Mo ránṣẹ́ pe Ìyá Bọ̀dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun náà. Ó gbé agboòrùn dé.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ kọ́kọ́ jókòó ná."

"Ẹni tó bá ní kí n jókòó kó tó sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ burúkú ló wà lẹ́nu rẹ̀. Kí ló dé?"

Mo gbé páálí náà síwájú rẹ̀. Ó wò ó títí.

"Òkun tún bá mi dé ibí," ló wí.

N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún. Ó mú ẹ̀là kan nínú òrùlé, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì fi ahọ́n kàn án.

"Ìyá, gọ́ọ̀mù ni o."

"Iyọ̀ ni. Omi ibo lo fi rò ó?"

"Omi iwájú ilé, Mà."

Ó gbé bébà náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́. "Fúnmi, omi tó wó ilé mi náà lo fi lẹ̀ ẹ́."

Ó wá ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ iṣẹ́. Ẹja tí a bá fi iyọ̀ pa, bó ti wù kó gbẹ tó nígbà ẹ̀rùn, yóò sunkún bí òjò bá dé. Iyọ̀ kì í gbàgbé omi. Bí ọ̀rinrin bá ti wà nínú afẹ́fẹ́, yóò fà á wá sára. Àwọn àwòrán tí mo ti ṣe ṣáájú, ìgbà ẹ̀rùn ni mo ṣe gbogbo wọn, ìdí nìyẹn tí n kò fi mọ̀. Ilé mẹ́fà ni. Nígbà tó yá, mo lọ bá àwọn tó ni wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo bẹ̀bẹ̀, mo sì tún wọn ṣe.

"Ẹ dárí jì mí, Mà," ni mo wí. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe é, Sátidé sì ti dé tán."

"Má sunkún. Ilé yẹn kì í tilẹ̀ ṣe tèmi."

"Báwo, Mà? Ẹ wò ó, ẹ ní ó dára."

"Mo ní ó dára. Mi ò ní tèmi ni. Èyí tó o ṣe dúró ṣánṣán bíi ṣọ́jà. Tèmi tẹ̀ sósì, bí ẹni tó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nílé kejì. Bàbá Bọ̀dé ló kọ́ ọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú ju èkejì lọ, gbogbo ohun tó bá kọ́ ló máa ń tẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"O ti ṣe wàhálà púpọ̀. Mo ní bóyá bí mo bá ń wò ó lójoojúmọ́, yóò di tèmi."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju òrùlé tó já lọ. Ìwà aránṣọ ló bá mi débẹ̀. Bí èjìká oníbàárà kan bá wálẹ̀ ju èkejì, a ó fi tìmùtìmù kékeré sí i lábẹ́ aṣọ kó lè dọ́gba, oníbàárà á sì dúpẹ́. Mo ti ń tún ilé àwọn ènìyàn ṣe lẹ́yìn tí ilé ti lọ, láì bèèrè bóyá wọ́n fẹ́ kó dọ́gba.

Mo ní, "Ìyá, ẹ jókòó tì mí. A ó tún un ṣe."

Ó jókòó tì mí lóòótọ́, láti ọ̀sán ọjọ́ yẹn títí di Ọjọ́bọ̀. Àrà tí mo rí! Mo lẹ òpó, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ sí i. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ní ó ti pọ̀ jù, pé Bàbá Bọ̀dé kì í ṣe ọ̀mùtí. Ó ní ẹ̀yìn ilé lòun fẹ́, kì í ṣe iwájú, nítorí ẹ̀yìn ló kọjú sí ọ̀nà omi, ibẹ̀ lòun sì máa ń jókòó sí de ọkọ òun. Fèrèsé kan wà níbẹ̀ tí Bàbá Bọ̀dé fi ọ̀dà búlúù tó ṣẹ́kù lára ọkọ̀ rẹ̀ kùn. Ọ̀dà tán níbi àbọ̀, ó sì ṣèlérí pé òun yóò ra òmíràn.

"Ṣé ó wá rà á?"

"Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi ń rà á," ni Ìyá Bọ̀dé wí.

Mo gé àbọ̀ fèrèsé náà lára ojú ọ̀run olóṣèlú kan. Omi òjò ni mo fi ro sítáàṣì, mo sì fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i, irú èyí tí a fi ń mú omi tòrò, kí aáyán má bàa jẹ ẹ́. Ìgbà tí a lẹ̀ ẹ́ tán ní Ọjọ́bọ̀, ìṣòro tó kù ni pé kò fẹ́ gbẹ. Òjò kò dáwọ́ dúró. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó ṣì tutù rinrin.

Ìyá Bọ̀dé ní kí n gbé e wá síbi àrò ẹja òun. N kò fẹ́. Ó ní, "Ta ló mọ bí a ti í gbẹ nǹkan nínú òjò, èmi tàbí ìwọ?" Ó kó gbogbo igi tó ń jó kúrò, ó ku ẹyín iná nìkan, ó sì gbé ilé rẹ̀ sórí pẹpẹ tó ga jù lọ, níbi tí ẹja kéékèèké máa ń wà. Ó ń yí i bí ẹni yí ẹja, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ wò ó. Bàbá Tómi yọjú wọlé.

"Ṣé ẹ ti fi ata sí i?" ló bèèrè.

"Lọ jókòó," ni Ìyá Bọ̀dé dá a lóhùn, "bó bá jinná a ó bù fún ọ."

Ní ọ̀sán, ó gbẹ kanganrangan. Èéfín ti fi àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú sí i lójú, funfun inú rẹ̀ kò funfun mọ́, mo sì rò pé iṣẹ́ mi ti bàjẹ́. Ìyá Bọ̀dé gbé e sún mọ́ imú.

"Òórùn rẹ̀ pé," ló wí. N kò sì bi í bóyá ó ti wá di tirẹ̀, nítorí ó ti sọ fún mi rí pé ohun kan dára, mo sì ti gbà á gbọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, Bọ̀dé ru ẹrù ìyá rẹ̀ lọ sí èbúté. Ìyá fúnra rẹ̀ gbé àwòrán náà mọ́ àyà, nínú ọ̀rá. Jídé ni awakọ̀ tí yóò gbé wọn dé Igbókòdá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí n kò bá sọ̀rọ̀ rí.

"Ìyá, ẹ gbé ẹrù yẹn síwájú kó má gbà yín láyè."

"Kì í ṣe ẹrù. Ilé mi ni."

Jídé wo Bọ̀dé bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ara ìyá rẹ̀ dá. Ìyá Bọ̀dé tú ọ̀rá náà, ó gbé e sójú rẹ̀. Jídé ti di okùn ẹ́ńjìnnì mú láti fà á. Ó fi í sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ páálí náà.

"Ẹ̀n, ilé yìí."

"Ilé wo?" ni ìyá bèèrè.

"Nígbà tí mò ń kọ́ ọkọ̀ ni, Mà. Ọ̀gá mi ní bí mo bá ń bọ̀ ní Oríòkè, tí mo rí ilé tó tẹ̀ sósì, tí fèrèsé rẹ̀ búlúù lábọ̀, kí n yà sọ́tùn-ún, pé ẹrẹ̀ wà lósì. Mo rò pé mi ò ní rí i mọ́."

Ìyá Bọ̀dé yíjú sí mi. Mo ti ń dúró de ojú yẹn láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

"Tèmi ni," ló wí.

Ó di àwòrán náà padà, ó jókòó, ó gbé e lé itan. Lẹ́yìn náà ló bi Jídé bóyá ó ṣì ń gba ibẹ̀. Jídé ní orí ibi tí ilé náà wà gan-an ni òun ń gbà kọjá báyìí, pé omi ti jìn níbẹ̀.

"Bó o bá débẹ̀, máa dín ẹ́ńjìnnì rẹ kù. Kì í ṣe ariwo ni wọ́n fi ń kọjá níwájú ilé ènìyàn."

"Mo gbọ́, Mà."

Mo ṣì ń ṣe iṣẹ́ náà. Àlùmọ́gàjí Àǹtí Ṣadé ti kú lẹ́nu pátápátá fún aṣọ, ṣùgbọ́n ó ń gé bébà bí ẹni pé torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe rọ ọ́. Ìbéèrè tí mo ń kọ́kọ́ bi ẹni tó bá wá báyìí ni pé ibo ni ilé yín ti wọ́. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọ́n á sọ. Ní ti Jídé, àwọn èrò ọkọ̀ rẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ní bó bá dé ibì kan lójú omi Oríòkè, níbi tí kò sí igi, tí kò sí òpó, á dín ẹ́ńjìnnì kù, ọkọ̀ á máa rọra lọ. Bí wọ́n bá bi í léèrè ìdí rẹ̀, á ní iwájú ilé ìyá kan ni àwọn ń gbà kọjá.